Má Ṣe Fi Ìjà Kan Ṣoṣo Wọn Oṣó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú pẹ́ńsùlù àti bébà kan sọ́wọ́, nítorí pé a ó jọ ṣe ìṣirò díẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ eré ni mo mú wá bá yín lónìí. Bí àgbàlagbà kan bá ń sọ nínú ara rẹ̀ pé kí ni òun ń wá nídìí eré, kí ó rántí iye ọ̀rẹ́ tí ó ti tú ká nídìí ọpọ́n ayò. Kì í ṣe ọmọ ayò ni wọ́n ń torí rẹ̀ jà. Ohun tí ó ń bí wọn nínú ni pé ẹnì kan rò pé a rẹ́ òun jẹ. Ibi tí a bá sì ti ń rẹ́ni jẹ, ì báà ṣe oko, ì báà ṣe ọjà, ì báà ṣe ìdí eré, àwọn ènìyàn kì í pẹ́ fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Eré tí mo ń wí yìí, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dungeons & Dragons ni orúkọ rẹ̀. Ọkùnrin méjì ni ó ṣe é: Gary Gygax ti ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, àti Dave Arneson ti ìpínlẹ̀ Minnesota. Ọdún 1974 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, ìwé kékeré mẹ́ta nínú páálí kan, ẹgbẹ̀rún kan páálí péré ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe. Lónìí, àwọn tí ń ṣe é wà káàkiri ayé.

Ẹ má ṣe rò pé ó dà bí ayò tàbí lúdò, níbi tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ borí ẹnìkejì. Nínú eré yìí, ènìyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún á jókòó yí tábìlì ká. Olúkúlùkù wọn á mú ẹnì kan nínú ìtàn, á máa sọ ohun tí ẹni náà ń ṣe, á sì máa da dáìsì láti mọ̀ bóyá ohun tí ó dáwọ́ lé bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Ẹnì kan á wà láàrin wọn tí yóò jẹ́ olórí eré. Òun ni yóò máa sọ ibi tí wọ́n dé, ohun tí wọ́n rí, àti ohun tí ọ̀tá ṣe, gẹ́gẹ́ bí apàlọ́ tí àwọn ọmọdé yí ká, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọdé náà wà nínú àlọ́. Gbogbo wọn ni ó jọ ń rin ìrìn àjò kan náà. Bí ó bá dára, ó dára fún gbogbo wọn ni. Bí ó bá bàjẹ́, wọ́n á jọ rù ú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ, tí ó jáde ní ọdún 1938, irú ẹgbẹ́ báyìí kò ṣàjèjì sí yín. Nígbà tí Àkàrà-ògùn ń lọ sí Òkè Lángbòdó, òun nìkan kọ́ ni ó lọ. Kàkó wà níbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀. Olóhùn-iyọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú orin. Ẹlẹ́gbẹ́dẹ-ọdẹ, tí ó gbọ́ èdè ẹranko, wà níbẹ̀. Ìmọ̀dòye wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Olúkúlùkù ni ó ní ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín léèrè: ká ní Àkàrà-ògùn ní oògùn kan tí ó lè ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn pọ̀, kí ni Kàkó ìbá bá a lọ ṣe?

Ìbéèrè yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi lónìí.

Nínú eré tí mo ń sọ yìí, ẹnì kan wà tí ó ń fi ọfọ̀ ṣiṣẹ́. Oṣó ni èmi yóò máa pè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀rù orúkọ náà. Oṣó orí bébà ni. Ọfọ̀ rẹ̀ kò ju ìlà díẹ̀ nínú ìwé òfin lọ, tí ó sọ iye dáìsì tí a ó dà àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Àwọn òbí kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rù eré yìí gidigidi láàrin ọdún 1980 sí 1989, wọ́n rò pé iṣẹ́ òkùnkùn ni wọ́n ń fi kọ́ àwọn ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jókòó tì wọ́n yóò rí i pé ìṣirò àti ìtàn sísọ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣó ni jagunjagun máa ń wà. Idà ni tirẹ̀. Láti ìgbà tí eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ títí di òní ni àwọn tí ń ṣe é ti ń jiyàn pé oṣó lágbára jù, tàbí pé kò lágbára tó. Lójoojúmọ́ ni àwọn kan sì ń jókòó, tí wọ́n ń kọ irú oṣó tuntun sórí bébà, tí wọ́n ń gbé e wá síwájú olórí eré wọn pé kí ó gbà á wọlé. Báwo ni olórí eré náà yóò ṣe mọ̀ bóyá ó wọ̀n tàbí kò wọ̀n? Ohun tí mo ní láti sọ kò ju èyí lọ: má ṣe fi ìjà kan ṣoṣo wọn oṣó. Fi odindi ọjọ́ wọ̀n ọ́n, fi gbogbo ayé rẹ̀ wọ̀n ọ́n, kí o sì wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àwọn tí ó jókòó tì í.

Ẹ mú pẹ́ńsùlù yín o. Ìwé òfin tí ó jáde ní ọdún 2014 ni a ó lò. Ẹ jẹ́ kí a mú jagunjagun kan àti oṣó kan, tí àwọn méjèèjì wà ní ìpele karùn-ún.

Jagunjagun yìí mú idà ńlá lọ́wọ́. Nígbàkígbà tí ó bá kàn án, ó lè ṣá ọ̀tá lẹ́ẹ̀mejì. Dáìsì méjì olójú mẹ́fà ni a ń dà fún idà náà, èyí sì máa ń mú 7 wá ní ìpíndọ́gba. Bí a bá fi 4 kún un nítorí agbára apá rẹ̀, ó di 11. Bí ìṣá méjèèjì bá bá ọ̀tá, ó di 22.

Ó wá kan oṣó. Ó ní ọfọ̀ kan tí ó gbajúmọ̀ ju gbogbo ọfọ̀ yòókù lọ, Fireball, èyí tí mo ń pè ní òkò iná. Dáìsì mẹ́jọ olójú mẹ́fà ni a ń dà fún un, ó sì máa ń mú 28 wá ní ìpíndọ́gba. Kì í sì í ṣe ọ̀tá kan ṣoṣo ni ó ń jó. Gbogbo ẹni tí ó bá wà láàrin agbo iná náà ni ó kàn, agbo náà sì jẹ́ 20 ẹsẹ̀ bàtà láti àárín dé etí rẹ̀. Ẹni tí ó bá yára bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì ni yóò fara gbà, ìyẹn 14. Bí òkò iná kan bá bá ọ̀tá méjì, tí ọ̀kan bẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí èkejì kò bẹ́, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 42.

Ẹ fi 42 wé 22. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dá ẹjọ́. Wọ́n á dìde dúró, wọ́n á ní oṣó ti gba eré mọ́ jagunjagun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti ẹnìkejì.

Òkò iná mélòó ni oṣó ìpele karùn-ún ní lójúmọ́? Méjì péré ni. Bí ó bá sinmi díẹ̀ lọ́sàn-án, òfin fún un láyè láti gba ọ̀kan padà, ó di mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí, àwọn ọfọ̀ tí ó kéré sí i ni ó kù, tí ó sábà máa ń fi dáàbò bo ara rẹ̀, àti ọfọ̀ kékeré kan tí kì í tán, tí ó ń fi iná díẹ̀ sọ ọ̀tá kan. Èyí máa ń mú 11 wá bí ó bá bá ọ̀tá náà. Idà jagunjagun ńkọ́? Idà kì í tán.

Ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn olórí eré ní ọdún 2014 sọ pé ẹgbẹ́ kan lè la ìdojúkọ mẹ́fà sí mẹ́jọ já lójúmọ́ kí wọ́n tó sùn. Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́fà. Kí a sọ pé ìjà kọ̀ọ̀kan yóò yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìyẹn ni pé yóò kan olúkúlùkù lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó di ìyípo 18. Kí a tún sọ pé nínú ìgbà mẹ́wàá tí ẹnì kan bá ṣá nǹkan tàbí sọ nǹkan, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni yóò bá a. Mo fi àwọn ọgbọ́n mìíràn tí àwọn méjèèjì ní sílẹ̀, kí ìṣirò wa má bàa gùn jù.

Ẹ kọ ti jagunjagun sílẹ̀: ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ti 22 jẹ́ 13.2 ní ìyípo kan. Ní ìyípo 18, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 238.

Ẹ kọ ti oṣó sílẹ̀: òkò iná mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 42, ó di 126. Ìyípo 15 ni ó kù, ọfọ̀ kékeré ni yóò fi ṣe gbogbo rẹ̀: ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ti 11 jẹ́ 6.6, nígbà 15 ó di 99. Ẹ ro 126 àti 99 pọ̀, ó jẹ́ 225.

Ẹ wò ó! 238 àti 225. Oṣó tí a ti fẹ́ dá lẹ́bi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ tó ti jagunjagun ní ọjọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ìjà kan ṣoṣo ni ó wà ní ọjọ́ mìíràn, tí gbogbo ẹgbẹ́ náà sì tẹ́ ẹní, tí wọ́n sùn lẹ́yìn rẹ̀. Jagunjagun ní ìyípo mẹ́ta: 13.2 lọ́nà mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Oṣó ní ìyípo mẹ́ta: òkò iná méjì jẹ́ 84, ọfọ̀ kékeré kan jẹ́ 6.6, ó lé ní 90. Ó ju ìlọ́po méjì ti jagunjagun lọ.

Ìwé òfin kan náà ni. Dáìsì kan náà ni. Àwọn ènìyàn kan náà ni. Kí ni ó yí padà? Ọjọ́ ni ó yí padà.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní kí o wá wo oṣó tí òun kọ, má ṣe kọ́kọ́ bi í pé báwo ni ọfọ̀ rẹ̀ ti lágbára tó. Bi í pé ìgbà mélòó ni ó lè pè é kí oòrùn tó wọ̀. Kí ìwọ olórí eré sì bi ara rẹ pé báwo ni ọjọ́ ti gùn tó nídìí tábìlì rẹ. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti mọ ọgbọ́n yìí: wọ́n á jà lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀, oṣó á da gbogbo ọfọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á sì ní ó ti rẹ àwọn, kí ilẹ̀ kúkú ṣú. Olórí eré tí ó bá ń gbà fún wọn lójoojúmọ́ ti sọ oṣó di ọba láìmọ̀. Oògùn rẹ̀ kò le: jẹ́ kí nǹkan kan máa lé wọn. Bí ọmọ ọba tí wọ́n jí gbé yóò bá sọnù nígbà tí òkùnkùn bá kùn, kò sí ẹni tí yóò sùn ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀.

Èyí ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹni tí a mú nínú eré yìí kì í dúró lójú kan. Bí ó bá ti ń la ewu já ni ó ń gba máàkì ìrírí, bí máàkì náà bá sì pé, á gòkè sí ìpele tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn tí ó dá eré náà sílẹ̀ mọ̀ pé ọfọ̀ lágbára, nítorí náà wọ́n ṣe ọgbà yí oṣó ká. Nínú ìwé ti ọdún 1974, ọfọ̀ kan ṣoṣo ni oṣó ìpele kìn-ín-ní ní lójúmọ́. Kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀wù irin, ọ̀bẹ nìkan sì ni ohun ìjà rẹ̀. Bí jagunjagun bá ti gba máàkì 2,000, ó ti dé ìpele kejì. Àlùfáà kò nílò ju 1,500 lọ. Ṣùgbọ́n oṣó gbọ́dọ̀ kó 2,500 jọ. Wọ́n tún yá èrò kan lò láti inú The Dying Earth, ìwé tí Jack Vance ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní ọdún 1950: oṣó á há ọfọ̀ sórí, bí ó bá sì ti pè é tán, á pa rẹ́ kúrò lórí rẹ̀ títí yóò fi tún un kọ́. Ní ọdún 1978, nígbà tí wọ́n mú ìwé òfin ńlá jáde fún àwọn tí ń ṣeré, dáìsì olójú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń mọ iye ẹ̀mí jagunjagun, ṣùgbọ́n olójú mẹ́rin ni ti oṣó.

Ẹ wo irú ayé tí èyí mú wá. Ní ìpele kìn-ín-ní, oṣó ń sá pamọ́ sẹ́yìn àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí òròmọdìyẹ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Yóò pe ọfọ̀ rẹ̀ kan, ó tán, ó di ẹrù. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè pẹ́ láyé, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ní ayé ìgbà náà, dáìsì kan ni wọ́n ń fi kún òkò iná rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó bá dé ìpele kẹwàá, dáìsì mẹ́wàá ni. Jagunjagun ń fi ẹsẹ̀ gun òkè, oṣó ti hu ìyẹ́.

Àwọn kan ní ìyẹn náà dọ́gba: oṣó jìyà ní ìbẹ̀rẹ̀, jagunjagun jìyà ní ìkẹyìn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. A kò mú ìyà kúrò, a kàn gbé e láti orí ẹnì kan sí orí ẹnìkejì ni. Ẹgbẹ́ tí ó bá ṣeré fún oṣù mẹ́ta péré, oṣó wọn kò ní rí èrè sùúrù rẹ̀ gbà. Ẹgbẹ́ tí ó bá sì ṣe é fún ọdún mẹ́ta, jagunjagun wọn á di aláàárù tí ń ru ẹrù oṣó.

Ní ọdún 1997, ilé-iṣẹ́ Wizards of the Coast ra TSR, ilé-iṣẹ́ tí ó ń tẹ eré náà, wọ́n sì mú òfin tuntun jáde ní ọdún 2000. Wọ́n ṣàánú oṣó. Wọ́n sọ máàkì gbogbo ènìyàn di ọ̀kan náà: 1,000 ni láti dé ìpele kejì, ì báà ṣe oṣó, ì báà ṣe jagunjagun. Wọ́n fún oṣó ní ọgbọ́n láti ìpele kìn-ín-ní pé kí ó máa kọ ọfọ̀ sínú ìwé, kí ó máa kó wọn pamọ́ de ọjọ́ ìṣòro. Wọ́n fi ọ̀nà hàn án tí yóò fi lè pe ọfọ̀ nítòsí ọ̀tá láìjẹ́ pé ọ̀tá rí àyè ṣá a. Ọ̀kọ̀ọ̀kan àánú wọ̀nyí ni ó ní ìdí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń yọ igi ọgbà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó má ṣe yà á lẹ́nu bí ewúrẹ́ bá wọlé jẹ ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tán. Kí o tó mú ìnira kan kúrò lọ́rùn oṣó, kọ́kọ́ béèrè ohun tí ìnira náà ń dá dúró.

Ohun kẹta ni iṣẹ́ aládùúgbò, òun ni ó sì ṣe pàtàkì jù lọ lójú mi.

Nínú ẹgbẹ́ náà, ẹnì kan sábà máa ń wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ yíyọ́ wọlé àti ṣíṣí àgádágodo. Àwọn ìwé ìgbà àtijọ́ pè é ní olè. Ṣùgbọ́n oṣó pẹ̀lú ní ọfọ̀ kan, Knock ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti ṣí ohun tí a tì pa. Nínú òfin ti ọdún 2000, bí oṣó bá ti pe ọfọ̀ yìí, àgádágodo á já wálẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Olè tí ó ti ń fi sùúrù kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìpele dé ìpele á ká ọwọ́ lẹ́yìn, á máa wò ó.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe ní ọdún 2014. Ọfọ̀ náà ṣì ń ṣílẹ̀kùn, kò sì kùnà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ń ṣí i, ìró gbà-gbà á dún láti ara ilẹ̀kùn náà, débi pé ẹni tí ó wà ní 300 ẹsẹ̀ bàtà lè gbọ́ ọ. Wọn kò gba ọfọ̀ lọ́wọ́ oṣó. Wọn kò dín agbára rẹ̀ kù. Wọ́n kàn bu iye owó lé e ni. Nísinsìnyí, ẹgbẹ́ náà ní ohun tí wọn yóò jókòó gbèrò lé lórí: ṣé kí olè fara balẹ̀ ṣí i ní jẹ́jẹ́, àbí kí oṣó ṣí i kíákíá, kí gbogbo ẹ̀ṣọ́ sì jí? Iṣẹ́ olè ti padà sọ́wọ́ olè. Bákan náà ni wọ́n ṣe sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọfọ̀ tí ń pẹ́ kí wọ́n tó tán: oṣó gbọ́dọ̀ fi ọkàn sí wọn, kò sì lè fi ọkàn sí méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá fẹ́ fò, ó lè ní láti jẹ́ kí ohun mìíràn já bọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bí o bá ń wo oṣó tuntun kan, tí o sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ tó pẹpẹ, ó tún wọ akèrègbè, ibẹ̀ ni kí o ti dá a dúró, bí ọfọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ pa eṣinṣin.

Ẹnì kan lè wá sọ pé: bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a kúkú ṣe gbogbo wọn bákan náà. Wọ́n ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Nínú òfin ti ọdún 2008, ètò kan náà ni wọ́n fún jagunjagun, oṣó, àlùfáà àti olè: iṣẹ́ tí o lè ṣe nígbàkígbà, iṣẹ́ tí o lè ṣe lẹ́ẹ̀kan nínú ìjà kọ̀ọ̀kan, àti iṣẹ́ tí o lè ṣe lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Òṣùwọ̀n náà sún mọ́ ìdọ́gba ju ti ìṣáájú lọ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ṣe eré náà ráhùn pé oṣó kò jọ oṣó mọ́, jagunjagun kò sì jọ jagunjagun. Ìka ọwọ́ kò dọ́gba. Bí a bá gé wọn kí wọ́n lè dọ́gba, ọwọ́ náà kò ní lè di nǹkan mú. Ìdí nìyẹn tí òfin ti ọdún 2014 fi tún dá ìyàtọ̀ padà sáàrin wọn.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ẹ lè ṣe, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe irú eré yìí tàbí tí ẹ ó ṣe é lọ́la.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá gbé oṣó tuntun wá, má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ó ti ṣe làálàá lórí rẹ̀. Má sì ṣe gbà á lójú ẹsẹ̀ nítorí ojú àánú. Ṣe ìṣirò ọjọ́ méjì fún un, bí a ti ṣe lónìí: ọjọ́ tí ìjà pọ̀ àti ọjọ́ tí ìjà jẹ́ ẹyọ kan. Wò ó ní ìpele kìn-ín-ní, ní ìpele karùn-ún, àti ní ìpele kẹwàá. Kọ orúkọ àwọn yòókù sílẹ̀, kí o sì kọ iṣẹ́ olúkúlùkù sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀; bí oṣó tuntun bá fọwọ́ kan iṣẹ́ ẹnì kan, béèrè iye tí yóò san.

Ṣọ́ra pẹ̀lú nípa ohun tí o fi ń wọ̀n. Ìwé àwọn olórí eré ti ọdún 2014 fi òṣùwọ̀n kan lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọfọ̀ tuntun: ọfọ̀ ìpele kẹta tí yóò bá ọ̀tá púpọ̀, dáìsì mẹ́fà olójú mẹ́fà ni kí ó jẹ́. Ẹ rántí pé mẹ́jọ ni ti òkò iná, ọfọ̀ ìpele kẹta sì ni òun náà. Àwọn tí ó kọ òfin pàápàá fi èènì lé ohun tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi òkò iná ṣe òṣùwọ̀n, gbogbo ọfọ̀ tuntun rẹ̀ ni yóò wúwo jù.

Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ ṣe eré náà fún ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta. Kí ẹni tí ó kọ oṣó náà má ṣe jẹ́ onídàájọ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kí olórí eré mú bébà kan. Nígbàkígbà tí ìṣe ẹnì kan bá yanjú ọ̀ràn kan, ì báà ṣe ìjà, ì báà ṣe ilẹ̀kùn, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ tí ó tu ọba kan nínú, kí ó fa ìlà kan sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìlà náà kò ní láti dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ kẹta, tí orúkọ kan kò ní ìlà kankan, oṣó yẹn kò wọ̀n, ohun yòówù kí ìṣirò sọ.

Nítorí pé ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún yín. Ọmọ tí kò ní ìlà yẹn kò ní bínú. Kò ní jà. Yóò wá ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, yóò da dáìsì rẹ̀, oṣó yóò sì ti parí ọ̀ràn kí ó tó kàn án. Yóò wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, yóò máa rẹ́rìn-ín nígbà tí àwọn yòókù bá ń rẹ́rìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, yóò máa fi pẹ́ńsùlù ya ẹyẹ sí etí bébà rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, yóò ní kí ẹ máa bá eré lọ, pé òun ní iṣẹ́ ilé-ìwé láti ṣe. Ẹ̀yin yóò sì gbà á gbọ́. Àga kan á ṣófo nídìí tábìlì, ẹ kò sì ní mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ lé e lọ.

Oṣó tí ó wọ̀n ni èyí tí gbogbo ẹgbẹ́ ń yọ̀ bí ó bá gbọ́wọ́ sókè láti pe ọfọ̀, tí òun náà sì ń yọ̀ nígbà tí ó bá kan Kàkó láti na kùmọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá tiyín rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣe ìṣirò yín dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ojú kúrò lára bébà, kí ẹ sì wo ojú ẹni tí kò tíì sọ̀rọ̀.